Ẹni Tí Yóò Ti Àpótí

Agogo ooru ti lù tipẹ́ nígbà tí Bàbá Akíndùró ṣubú. Mosúnmọ́lá gbọ́ gbì lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí yóò fi yíjú padà, bàbá náà ti nà gbalaja sórí kọnkéré, ìbòrí funfun rẹ̀ ti ká kúrò lójú, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí aago méjìlá ọ̀sán lù. Ilé Àkọsílẹ̀ wà níwájú wọn níbẹ̀, kò ju àádọ́jọ ìgbésẹ̀ lọ. Ilé ìwòsàn wà lẹ́yìn, ó sì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kò sí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Láti aago mọ́kànlá tí agogo ooru ń lù títí di aago mẹ́rin, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni jáde síta ní Òkè-Ìrọ̀rùn àfi àwọn olùtọ́jú àkọsílẹ̀ méjèèjì yìí, àwọn náà kò sì gbọdọ̀ lò ju ìdajì wákàtí lọ.

"Máa lọ," ni bàbá náà wí. "Lọ ṣí àpótí. N ó dìde tó bá yá."

Mosúnmọ́lá wo ilé náà. Ó wo ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin tó kọ́ ọ níṣẹ́. Bí ìlú kan bá pa ọ̀sán jẹ láìṣí àpótí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ọ̀gbẹlẹ̀ kan, Àpáta-Ńlá, ihò àpáta tí wọ́n ń kó àpótí àkọsílẹ̀ gbogbo ìlú pamọ́ sí, a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn ìlú tí wọ́n ń bá pa àkọsílẹ̀ mọ́, ìlú tí kò bá sì sí nínú ìwé Àpáta-Ńlá kì í rí omi gbà nínú páìpù ìjọba. Òkè-Ìrọ̀rùn ti gba àmì kan lóṣù tó kọjá, lọ́jọ́ tí ìjì ṣí òrùlé. Bí wọn ò bá ṣí àpótí lónìí, ó di méjì.

Ó bọ́ ìbòrí tirẹ̀, ó fi bo bàbá náà lórí, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e pọ̀n bí ìgbà tí ènìyàn bá pọn ọmọ. Ẹsẹ̀ bàbá ń wọ́ nílẹ̀. Oòrùn ń ta á lọ́rùn bí ẹni fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Aago méjìlá lù nígbà tí wọ́n ṣì wà láàrin ọ̀nà, ó sì mọ̀ pé ní wákàtí yẹn gan-an, nínú ihò tútù Àpáta-Ńlá, àpótí ìlú òun wà ní títì láìsí ẹni tó ń kàn án.

Nọ́ọ̀sì Olúrẹ̀mí ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó kó aṣọ tútù lé bàbá láyà, ó fi omi iyọ̀ sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí Mosúnmọ́lá, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì so ọ̀já pupa mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Ọ̀já náà pa kókó fúnra rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Ooru ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ yín, Àǹtí. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni. Ilẹ̀kùn kankan ò ní ṣí fún yín láàrin aago mọ́kànlá sí mẹ́rin."

"Ta ni yóò wá ṣí àpótí lọ́la?"

Nọ́ọ̀sì yíjú padà sí ibùsùn. Bàbá Akíndùró náà ti ní ọ̀já pupa tirẹ̀ lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mosúnmọ́lá pe ọ́fíìsì ẹkùn. Wọ́n ní olùtọ́jú mìíràn yóò dé lẹ́yìn ogójì ọjọ́, torí ó ní láti búra, kí wọ́n sì yẹ ìdílé rẹ̀ wò. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣí àpótí ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kí agogo ooru tó lù. Wọ́n ní ọ̀sán nìkan ni iná oòrùn máa ń tó láti gbé àkọsílẹ̀ ìlú mẹ́rìnlá, ìgbà yẹn nìkan sì ni Àpáta-Ńlá ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Ó ní ṣé òun lè ṣí i láti orí wàláà òun, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ àfọwọ́mú, nílé ìwòsàn. Ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ó yẹ kó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ àpótí kì í gba orí afẹ́fẹ́ kọjá.

Ó padà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn bàbá, ó jókòó.

"Bàbá, mo fẹ́ kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà Ilé Àkọsílẹ̀. Tí aago méjìlá bá lù, kó ṣí àpótí fúnra rẹ̀, kó da àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà sínú rẹ̀, kó tì í."

Bàbá Akíndùró pa ojú dé. "Ọwọ́ ènìyàn ni kó ṣí i, ọwọ́ ènìyàn ni kó tì í. Àwa méjèèjì la búra sí i."

"Mo mọ̀, sà."

"O ò mọ̀. Wọn ò tíì bí ọ ní Ọdún Kòkòrò." Ó yí orí sí i. "A ṣì wà létí òkun nígbà yẹn. Ẹ̀rọ ló ń ṣí gbogbo àpótí, wọ́n sì ń wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru bíi fèrèsé. Kòkòrò kọ̀ǹpútà bá gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé, ó jẹ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ó tọ ọ̀nà àpótí tó ṣí sílẹ̀, ó jẹ ìyẹn náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi fi dúró nídìí ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ ní òun ò mọ orúkọ rẹ̀, kò sì fún un lómi."

Mosúnmọ́lá fa àga sún mọ́ ibùsùn. Ó mọ̀ pé ìyá náà kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

"Bàbá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ṣíṣí ló pa wọ́n. Àìtì ni. Àwa tí à ń fọwọ́ ṣí i ńkọ́? Ìdajì wákàtí ni òfin fún wa. Iṣẹ́ náà ń gbà ju wákàtí kan lọ. A máa ń ṣí i, a máa ń sá wálé, aago mẹ́rin la máa ń padà lọ tì í. Ó ju wákàtí mẹ́ta lọ lójoojúmọ́ tí àpótí wa fi ń wà ní ṣíṣí láìsí ẹni nídìí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ìlú ń ṣe, kò kàn sẹ́ni tó ń sọ ọ́ ni."

Bàbá wo ọ̀já pupa ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Tí ẹ̀rọ yìí bá ṣí i tí kò rí i tì ńkọ́?"

"Yóò ké sí wàláà mi lójú ẹsẹ̀. Kò sì ní dákẹ́."

"Àpótí náà kò gbọdọ̀ ṣí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Tó bá ti tì, kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ má ṣiṣẹ́ mọ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Kọ ìyẹn ṣáájú kí o tó kọ ohunkóhun."

Bó ṣe gbà nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí agogo ooru tó lù, Mosúnmọ́lá ti wà ní Ilé Àkọsílẹ̀. Ilé onípáànù ni, gbogbo ìtútù tó wà níbẹ̀ kọ̀ǹpútà nìkan ló wà fún. Ó kọ ìlànà náà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò tí kọ̀ǹpútà fi èdìdì dì, èyí tí kì í yọ fún ẹlòmíràn. Ó dán an wò. Kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé: Ó parí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré padà sílé ìwòsàn láti sọ fún bàbá.

"Aago mélòó lo dán an wò?" ni bàbá bi í.

"Mẹ́wàá géérégé, sà."

"Ṣé Àpáta-Ńlá ti ṣí ọ̀nà ní aago mẹ́wàá ni?"

Mosúnmọ́lá fọwọ́ lé orí. Ọ̀nà kò tíì ṣí. Àpótí kò ṣí. Síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní òun ti dà á tán. Ibo ló dà á sí?

"Ẹnu ọ̀nà ló dà á sí," ni bàbá wí. "Ààyè kan wà nínú kọ̀ǹpútà níbi tí àpótí máa ń yọjú sí tó bá ṣí. Tí àpótí ò bá sí níbẹ̀, ààyè yẹn á ṣófo, ẹ̀rọ ò sì mọ̀ yàtọ̀. Bí ẹni tó gbé ẹrù àlejò sẹ́nu ọ̀nà, tó rò pé òun ti gbé e sínú yàrá. Ó ti ṣe mí rí, ọwọ́ mi ni mo sì fi ṣe é."

"Kí ni kí n ṣe, Bàbá?"

"Fáìlì kékeré kan wà nínú àpótí tí kò sí níbòmíràn. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Orúkọ ìlú ló wà nínú rẹ̀, àti ọjọ́ tí a dé orí òkè yìí. Kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ka fáìlì yẹn. Tí kò bá rí i, kó má da nǹkan kan, kó dúró, kó tún kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan."

Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún kí agogo lù. Mosúnmọ́lá sáré padà. Ó pa ẹrù tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́, ó fi ọ̀rọ̀ bàbá kún ìlànà, ó tún dán an wò. Lọ́tẹ̀ yìí kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé: N kò rí àpótí. Mo ń dúró. Kò rò ó rí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú inú òun dùn. Ó jáde, agogo ooru sì lù bí ó ti ń wọ ilé ìwòsàn.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì jókòó ti wàláà. Aago méjìlá lù. Wàláà kò sọ nǹkan kan. Bàbá ń fọwọ́ pa ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀. Ó kọjá ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Mo rí ọ̀nà. Àpótí ti ṣí. Mo ti ka orúkọ ìlú. Mo ń dà á. Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn jáde: Àpótí ti tì.

"Mú nǹkan kan jáde nínú rẹ̀ lọ́la," ni bàbá wí. "Ohun tí a ò bá tíì mú jáde, a ò tíì mọ̀ bóyá ó wọlé." Àmọ́ Mosúnmọ́lá rí i pé ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ohun kan ló kù. Ìwé kan wà lórí wàláà tí olùtọ́jú ń kọ nǹkan sí lójoojúmọ́ tí ọ́fíìsì ẹkùn sì ń kà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ti ń kọ sí i fún ọgbọ̀n ọdún: Ọwọ́ mi ló ṣí i, ọwọ́ mi ló tì í. Bí ó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí ó bá kọ òótọ́, wọ́n lè ka ọ̀sán yẹn sí èyí tí a pa jẹ, kó di ẹ̀kẹta, kí páìpù omi sì gbẹ. Ó gbé gègé lé ojú wàláà fún ìgbà pípẹ́. Ó ro ìlú. Ó tún ro àwọn olùtọ́jú ìlú mẹ́tàlá yòókù tó ń sáré nínú oòrùn, tí wọ́n ń kọ irọ́ kan náà nípa gbogbo wákàtí tí àpótí fi ń wà ní ṣíṣí láìsí ẹni nídìí rẹ̀. Ó wá kọ ọ́ pé: Ẹ̀rọ ló ṣí i ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ ló tì í ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo wà nílé ìwòsàn. Ó fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Bẹ́ẹ̀ ló ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé dé láti ọ́fíìsì ẹkùn.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wọ ìgò ojú dúdú, ó sì dé nígbà tí agogo ooru ń lù, torí náà ilé ìwòsàn nìkan ló ráyè wọ̀. Ó kí Bàbá Akíndùró pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Kò kí Mosúnmọ́lá pẹ́.

"Arábìnrin, tí ẹ bá ti kọ ọ́ pé ọwọ́ yín ni, ǹ bá má ti wá síbí."

"Mo mọ̀, sà."

"Wọ́n rí kòkòrò ní ìlú méjì lánàá. Irú àkókò yìí lẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Tí aago mẹ́rin bá lù, n ó gba kọ́kọ́rọ́ náà, n ó sì kọ àmì kẹta."

"Ẹgbàajì ó lé ẹgbẹ̀ta ènìyàn ló ń mu omi nílùú yìí," ni Bàbá Akíndùró sọ láti orí ibùsùn rẹ̀.

"Bàbá, èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

"Sà, ẹ jókòó tì wá," ni Mosúnmọ́lá wí. "Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe ohun tó bá tọ́ lójú yín."

Kò síbi tó lè lọ. Ó jókòó. Wàláà rẹ̀ tóbi ju ti Mosúnmọ́lá lọ. Àpótí ìlú mẹ́rìnlá ló wà lójú rẹ̀, iná pupa fún èyí tó ṣí, iná aláwọ̀ ewé fún èyí tó tì. Nígbà tí aago méjìlá lù, gbogbo wọn di pupa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn di ewé. Òkè-Ìrọ̀rùn ni. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé tẹ ojú mọ́ wàláà, ó ń retí kí àwọn yòókù náà yí padà. Wọn ò yí padà.

"Kí ló dé tí wọn ò tíì tì wọ́n?" ni ó bi Mosúnmọ́lá.

"Wọ́n ti padà sílé, sà. Ìdajì wákàtí lẹ fún wọn. Aago mẹ́rin ni wọ́n máa padà lọ tì í."

"Ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé tún tẹjú mọ́ àwọn iná pupa náà.

Aago kan àbọ̀ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí Nọ́ọ̀sì Olúrẹ̀mí jáde láti yàrá oògùn. Ó ní ìwé oògùn àwọn aláìsàn ti di jágbajàgba lójú ẹ̀rọ, orúkọ ń parẹ́ bí òun ti ń wò ó. Ẹnikẹ́ni kò tíì dá a lóhùn tí ẹ̀rọ omi ẹnu ọ̀nà fi dúró, tó sì ní òun kò mọ orúkọ kankan. Ojú Bàbá Akíndùró yí padà. Ó gbá etí ibùsùn mú.

"Ó ti dé," ni ó wí.

Kọ̀ǹpútà Òkè-Ìrọ̀rùn kú láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lójú wàláà Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, àwọn iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn: ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Kòkòrò náà ń tọ ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ wọnú àpótí ìlú kan dé òmíràn. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ń pe àwọn olùtọ́jú, wọ́n ń gbé e, wọ́n ń sọ pé àwọn ń lọ, àmọ́ ta ni yóò sáré nínú oòrùn aago méjì tí yóò sì bá a? Nígbà tí àwọn ará Àpáta-Ńlá yóò fi gé ọ̀nà fúnra wọn, àpótí mẹ́sàn-án ti lọ. Ẹ̀dà oṣù tó kọjá nìkan ló kù fún àwọn ìlú yẹn.

Iná ewé kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tí kò mira.

"Ṣé ó kan ilẹ̀kùn tiwa?" ni Mosúnmọ́lá bi í.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé fọwọ́ kan iná náà, ó kà á jẹ́ẹ́. "Ẹ̀ẹ̀mejìdínlógójì ni ó kan ilẹ̀kùn yín. Kò rí i ṣí. Ilẹ̀kùn ní òun ti ṣí lẹ́ẹ̀kan lónìí."

Bàbá Akíndùró bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, Mosúnmọ́lá sì rò pé ooru ló tún gbé e. Nígbà tó sún mọ́ ọn, ó rí i pé ẹkún ayọ̀ ni.

Aago mẹ́rin lù, ilẹ̀kùn sì ṣí. Bàbá kọ̀, ó ní òun ò ní dúró sẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ló fà á lọ́wọ́ dé Ilé Àkọsílẹ̀. Mosúnmọ́lá nu kọ̀ǹpútà mọ́ pátápátá, ó tún un gbé kalẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ Àpáta-Ńlá. Lẹ́yìn náà, àwọn olùtọ́jú méjèèjì fi ọwọ́ wọn tẹ kọ́kọ́rọ́ ìkópadà pọ̀, èyí tí ẹ̀rọ kankan kò mọ̀. Àpótí ṣí. Fáìlì kékeré yẹn ló kọ́kọ́ yọjú. Bàbá kà á sókè, orúkọ ìlú àti ọjọ́ tí wọ́n dé orí òkè, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n.

Orúkọ àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wọlé. Ẹgbẹ̀rún kan. Ẹgbẹ̀rún méjì. Oògùn àwọn aláìsàn tẹ̀ lé e, ìwé ilẹ̀, ìwé irúgbìn, gbogbo rẹ̀ pé títí dé ọ̀sán ọjọ́ náà. Ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n gbọ́ ariwo láti ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí àwọn ènìyàn ti tò sídìí ẹ̀rọ omi pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé jáde lọ wò ó. Ìyá àgbàlagbà kan ló wà níwájú. Ó sọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ pè é padà ní orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti agboolé rẹ̀, omi sì tú yàà sínú gálọ́ọ̀nù. Àwọn tó wà lẹ́yìn hó, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká.

Ọkùnrin náà padà wọlé, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

"Ìlà mélòó ni ìlànà yẹn?"

"Mẹ́tàdínlógún, sà."

"Ẹ kà á fún mi. N ó pe àwọn mẹ́tàlá yòókù sórí ẹ̀rọ. Kí wọ́n nu kọ̀ǹpútà wọn mọ́ bí tiyín, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ bí ẹ ti ń kà á."

"Àmì kẹta ńkọ́, sà?"

"Arábìnrin, ẹ kà á."

Bàbá Akíndùró ló kà á. Ó dúró nídìí tábìlì, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, àwọn ohùn mẹ́tàlá láti òkè mẹ́tàlá sì ń tún un pè tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ibi fáìlì kékeré, ó dúró, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà àti yàrá fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìlà tó sọ pé kí àpótí tì, ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kà á padà fún òun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n kà á.

Lọ́jọ́ kejì, agogo ooru lù ní gbogbo ẹkùn náà, kò sì sí olùtọ́jú kan tó jáde sínú oòrùn. Mosúnmọ́lá, bàbá àti Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé jókòó yí wàláà ńlá ká. Aago méjìlá lù, iná mẹ́rìnlá pọ́n. Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ti Òkè-Ìrọ̀rùn di ewé. Òmíràn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n di mẹ́sàn-án, wọ́n di méjìlá, wọ́n di mẹ́tàlá.

Ọ̀kan ṣẹ́ kù. Ìlú tó tóbi jù ní ẹkùn ni, ẹgbàárùn-ún ènìyàn. Aago méjì kọjá. Nọ́ọ̀sì Olúrẹ̀mí gbé abọ́ dání, ó dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà.

Iná náà ṣẹ́jú. Ó di ewé.

Ohùn olùtọ́jú ìlú náà jáde lórí wàláà, ohùn ọkùnrin kan tó hàn gbangba pé ó ń jẹun lọ́wọ́. "Ẹ kú ọ̀sán o. Ó ti tì. Ilé mi ni mo wà."

"A rí i," ni Mosúnmọ́lá dá a lóhùn. "Ẹ máa jẹun yín lọ."